Sobìà Lọ, Omi Kò Dé

Òwe Yorùbá kan sọ pé bí sobìà yóò bá dégbò, olúgànńbe là ń ké sí. Òwe náà ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn olóṣèlú lórí pèpéle àti lẹ́nu àwọn alága níbi ìpàdé ìlú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yé tọmọdé tàgbà: bí ọ̀ràn bá le, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yanjú ni à ń wá lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi ọmọ ogún ọdún léèrè pé kí ni sobìà gan-an, àfàìmọ̀ ni kò fi ní sọ pé orúkọ ènìyàn ni. Kò jẹ̀bi. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí sobìà jáde lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Enúgù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá.

Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ kí a yin àwọn tí ó ṣe é. Nígbà tí Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ìròyìn ni ó rántí pé ó ti sọ pé òun ń fẹ́ kí sobìà tó kẹ́yìn láyé kú ṣáájú òun. Kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀: ní ọdún 1986 tí Ilé-iṣẹ́ Carter bọ́ sí iwájú ìjà náà, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn ni sobìà ń jáde lára wọn lọ́dọọdún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ní ọdún tí Carter kú, àwọn tí wọ́n kà ní gbogbo àgbáyé jẹ́ 15.

Ohun tí àwọn ìròyìn ìdùnnú wọ̀nyí kì í sábà sọ ni ọ̀nà tí a gbà borí. Sobìà jẹ́ àrùn omi. Inú omi mímu ni ó sábà máa ń gbà wọ ara ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ó ti lọ yóò rò pé omi tó mọ́ ti dé sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó ti ń ṣọṣẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ọ̀ràn ṣe rí, kí ó wo ilẹ̀ Ìbàràpá, pàápàá ìlú Ìdèrè.

Ẹni tí kò bá rí sobìà rí lè pè é ní àsọdùn. Aràn funfun ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, gígùn rẹ̀ sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Nínú omi adágún tí kò ṣàn, kòkòrò tíntínní kan wà tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Kòkòrò náà ti gbé ọmọ aràn mì; bí ènìyàn bá bu omi náà mu, ó gbé àwọn méjèèjì mì pọ̀ nìyẹn. Kòkòrò á kú sínú ikùn, ọmọ aràn á jáde, á wọ inú ara lọ. Akọ àti abo á pàdé, akọ á kú, abo á sì máa dàgbà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba abẹ́ awọ sọ̀kalẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà sí ẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ á lé ròrò, á sì máa jó bí ẹni pé wọ́n da iná sí i. Omi tútù ni ara máa ń béèrè nígbà náà. Bí ẹni náà bá ti ti ẹsẹ̀ bọ odò, ìléròrò á bẹ́, aràn á sì tú àìmọye ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń pọn. Kòkòrò á tún gbé wọn mì, ọdún mìíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó sì ní in lọ́dún yìí lè tún ní in lọ́dún tí ń bọ̀. Ìtọ́jú tí ó wà ni ohun tí àwọn baba ńlá ti ń ṣe: wọn á fi orí aràn náà wé igi kékeré, wọn á máa yí i jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ó bá já, ojú ibẹ̀ á wú, á gbinikún, ẹlòmíràn á sì di arọ látàrí rẹ̀. Ibẹ̀ ni olúgànńbe ti wúlò. Ewé tí àwọn ìyá ń wá sí ojú egbò náà ni.

Sobìà kì í ṣe àrùn àwọn Yorùbá nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tuntun. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tí ó rí i lára àwọn ènìyàn etí òkun ilẹ̀ wa ni ó sọ ọ́ ní aràn Guinea, lẹ́yìn orúkọ tí wọ́n fi ń pe etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú gbé aràn náà dé Brazil pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ títí tí ó fi kú tán lọ́hùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún 1870, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Alexei Fedchenko ṣàkíyèsí ní àárín gbùngbùn Éṣíà pé inú kòkòrò omi ni ọmọ aràn náà ń gbé. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ ibi tí ó yẹ kí a ti dá a dúró. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí gbogbo àgbáyé tó pawọ́ pọ̀ dìde sí i, nítorí àwọn tí ó ń bá jà kì í ṣe ẹni tí ń gbé nítòsí ilé ìjọba.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ìbàdàn ti ní omi Ẹlẹ́yẹlé láti ọdún 1942, ṣùgbọ́n odò àti ọ̀gọ̀dọ̀ ni àwọn ìlú kéékèèké wọ̀nyí gbójú lé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á gbẹ, á ku kòtò omi díẹ̀díẹ̀ tí ènìyàn á gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó lè bu ún. Àkókò yìí gan-an ni kòkòrò náà máa ń pọ̀ jù nínú omi. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó ètò ìlera ìgbèríko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi pọ̀ nípa sobìà ní Ìbàràpá ju ọ̀pọ̀ ibi mìíràn lọ.

Ìjọba ti fa omi ẹ̀rọ dé Ìdèrè rí. Àwọn ènìyàn rí páìpù, wọ́n rí ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n sì yọ̀. Nígbà tó yá, omi dẹ́kun àtimáa yọ dáadáa, àwọn obìnrin sì tún gbé ìkòkò padà sí odò. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ìlú kékeré kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. A lè yọ orúkọ Ìdèrè kúrò níbẹ̀, kí a fi orúkọ ogún ìlú mìíràn sí i, kí òótọ́ rẹ̀ má sì yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ní Ìdèrè, àbájáde rẹ̀ jáde lára ènìyàn, ó gùn tó mítà kan, gbogbo ayé sì rí i.

Síbẹ̀, rírí i kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí nílùú náà gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé sobìà ti wà lára olúkúlùkù láti ìgbà ìbí, bí iṣan, pé ìdí kan ni ó máa ń mú kí ó dìde. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi èyí ṣe ẹ̀rín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò so omi tí ó mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí mọ́ ohun tí ń jáde ní kókósẹ̀ rẹ̀ lónìí? Omi náà kò rùn, kò korò, kò yí inú. Àwọn ará ilé kan náà mu ún, ó jáde lára ẹnì kan, kò jáde lára ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá ń fi ojú àti ọgbọ́n orí nìkan wá ìdí rẹ̀ yóò dé ibi tí àwọn àgbà Ìdèrè dé. Fedchenko pàápàá nílò ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi.

Ìyà tó mú wá kì í ṣe ti ara nìkan. Ìwádìí tí Oladele Kale ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní ọdún 1977 lórí agbègbè Ìbàdàn fi hàn pé ẹni tí sobìà bá mú lè pàdánù nǹkan bí ọjọ́ 100 láìlè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 100 lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ìsinmi. Bí ìkórè kò bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó ṣán fún òjò àkọ́rọ̀ kò ní ṣeé ṣán. Gbèsè á wọlé. Ìyá tí sobìà dá jókòó kò lè lọ sí ọjà, kò lè lọ pọnmi, ọmọ ni yóò lọ pọn ọ́n, nínú odò kan náà. Ìwádìí mìíràn ní Ìbàràpá, ní àárín àwọn ọdún 1980, ka iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí sobìà mú fi pa ilé-ìwé jẹ, ó sì ju ti àwọn tí kò mú lọ lọ́nà tó burú jáì. Àwọn mìíràn nínú wọn kò padà mọ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún omi mímu àti ìmọ́tótó. Wọ́n fẹ́ ohun kan tí wọ́n lè fi wọn iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi dé tàbí kò dé. Sobìà ni wọ́n mú. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára púpọ̀: àrùn onígbáméjì lè gba oúnjẹ wọlé, ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè gba ọwọ́ ìdọ̀tí wọlé, ṣùgbọ́n omi nìkan ni sobìà ń bá wọlé. Níbi tí sobìà bá wà, kò sí omi tó dára níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ẹlẹ́rìí tí ìjọba kankan kò lè fún ní owó ẹ̀yìn ni.

Ẹ̀rí tún wà pé èrò náà tọ̀nà. Ní Asà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, Àjọ UNICEF bá ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé. Luke Edungbola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin lọ wo àwọn abúlé náà kí omi tó dé àti lẹ́yìn tí ó dé, wọ́n sì rí i pé sobìà já wálẹ̀ gidigidi. Ìlọrin náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àpérò àkọ́kọ́ lórí sobìà ní Nàìjíríà, ní ọdún 1985.

Bí nǹkan bá lọ báyìí, ìbá jẹ́ pé omi ni ó lé sobìà lọ. Ìjọba ológun Babangida dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní ọdún 1986, láti mú ọ̀nà, oúnjẹ àti omi dé ìgbèríko. Wọ́n gbẹ́ kànga lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fún àtúnṣe. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá lọ láti abúlé dé abúlé ní ọdún 1988 sí 1989 láti ka àwọn tí sobìà mú, lábẹ́ ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Pẹ̀lú iye yìí, ó hàn gbangba pé bí wọ́n bá ń dúró de páìpù, ọ̀rúndún á parí. Wọ́n mú ọ̀nà tí ó yá. Ọ̀nà náà ni aṣọ.

Ìdèrè ti ń dán an wò ṣáájú. Ní àárín àwọn ọdún 1980, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ ìlera alábọ́dé ṣe asẹ́ omi. Aṣọ nílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ há, tí omi ń gbà kọjá kíákíá ṣùgbọ́n tí kòkòrò náà kò lè gbà kọjá, ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán an, kí ó lè ṣeé dè mọ́ ẹnu àmù. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gbé e kiri, wọ́n tà á fún aládùúgbò wọn, wọ́n sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ti ń tà á. Àwọn kan rà á. Àwọn mìíràn ní owó kò sí, àgàgà àwọn tí ń gbé ní abà oko, tí wọ́n sì ń mu omi tí ó burú jù. Èyí ni àléébù ohunkóhun tí a bá gbé ka ọrùn agboolé: ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù ni agbára rẹ̀ kì í ká a.

Nígbà tí ètò náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé-iṣẹ́ DuPont àti Precision Fabrics fi aṣọ náà ta ètò náà lọ́rẹ, American Cyanamid sì fi oògùn Abate, tí wọ́n ń dà sí odò láti pa kòkòrò náà, ta á lọ́rẹ pẹ̀lú. Wọ́n yan ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa kọ orúkọ ẹni tí sobìà bá jáde lára rẹ̀, kí ó máa dì í ní egbò, kí ó sì máa rọ̀ ọ́ kí ó má ṣe wọ odò. Láti ọdún 1998 ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba nígbà kan rí, ti ń wọ abúlé kiri pẹ̀lú Ilé-iṣẹ́ Carter, tí ó ń bá àwọn ọba àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè ni ó ń jókòó sí abẹ́ igi láti sọ̀rọ̀ asẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ìbàràpá ní àwọn ọdún 1990 tí ó yẹ kí ó wà nínú gbogbo ìwé tí ó bá ń yin ètò yìí. Ìkaye ń fi hàn pé sobìà ti ń tán lọ ní Ìfẹ́lójú, tí ó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní agbègbè náà nígbà náà. Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ sí gáà àwọn Fúlàní tí wọ́n ti ń gbé láàárín àwọn Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n bá sobìà níbẹ̀. Àwọn tí ń kọ orúkọ kò kọ ti àwọn Fúlàní, nítorí Yorùbá ni wọ́n, àwọn abúlé Yorùbá ni wọ́n sì ń lọ. Omi kò mọ ẹ̀yà. Ẹni tí kò sí nínú ìwé yẹn ṣì ń ti ẹsẹ̀ bọ odò kan náà.

Wọ́n tún ìkaye ṣe, asẹ́ dé gáà, nígbà tó sì yá, sobìà tán. Kò sí ìyànjú tí ó dára tó yìí nínú ìtàn ìlera Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi lé e lọ ní ọ̀pọ̀ ibi kì í ṣe omi tó mọ́. Asẹ́ yọ aràn kúrò nínú omi ìdọ̀tí, omi ìdọ̀tí sì wà níbẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí ti lọ tán, ẹjọ́ omi di èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́. Kò sí ohun tí ń jáde lẹ́sẹ̀ ènìyàn mọ́ tí oníròyìn lè ya àwòrán rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá ní Geneva tí yóò béèrè iye rẹ̀ lóṣooṣù.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Ọdún márùn-ún péré ni ó wà láàárín ìkéde yẹn àti ìwé ẹ̀rí sobìà. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa àwọn tí ó lé ní 3,600 ní Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ni ó sì kan jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó dé Èkó, Ẹ̀tì-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó sì wà lára ibi tí ó ti le jù.

Nínú ìlú kékeré, olúkúlùkù ti di ìjọba omi ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá lówó á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ á gbẹ́ kànga ọlọ́wọ́. Ẹni tí kò ní rárá á ra píọ̀ wọ́tà fún mímu, á sì máa pọn omi aládùúgbò fún iyókù. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí mítà 30, ó kéré tán, wà láàárín kànga àti ṣaláńgá. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́lé sí, ìdajì púlọ́ọ̀tì nígbà mìíràn, kò gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Bí onílé bá tilẹ̀ fi ti ara rẹ̀ sí ìkángun kan, ṣaláńgá aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí kànga rẹ̀. Omi tí ó ń fà yóò mọ́ gaara, yóò tutù, kò ní rùn. Àwọn kànga mìíràn kò tilẹ̀ ní ìdérí, nítorí náà ewu tí ó wà fún ọmọ tí ń rá kiri nínú ọgbà kò kéré sí ti ẹni tí ń mu omi rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń ju álọ́ọ̀mù sínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Ó ń mú omi mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò pa gbogbo kòkòrò tí ń fa àìsàn. Kí a sè é títí tí yóò fi hó ni ó ń pa á, ìgi ìdáná tàbí gáàsì ni a sì fi ń sè é, owó sì ni méjèèjì. Ní ti aṣọ nílọ́ọ̀nù tí àwọn télọ̀ Ìdèrè rán mọ́ ẹnu àmù, kòkòrò tí ń gbé ọmọ sobìà tóbi ju ihò rẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí ó fi ń dá a dúró. Kòkòrò onígbáméjì kéré ju ihò náà lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, ó ń gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú omi.